Eyín Tí Mo Fi Ń Já Òwú

Omi tútù ni mo mu. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn Ìkìrun ti mú páànù orí ṣọ́ọ̀bù mi gbóná, mo sì fi ẹnu já ọ̀rá píọ̀-wọ́tà bí mo ṣe máa ń ṣe. Bí omi yẹn ṣe kan eyín iwájú mi lókè lápá òsì, ńṣe ló dà bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ máṣíìnì bá gún èèyàn wọ abẹ́ èékánná. Ẹni tó bá jẹ́ aránṣọ mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ju ọ̀rá omi sílẹ̀, mo fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó yá, ó rọlẹ̀. Mo ní bóyá omi yẹn ló tutù jù, mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi.

Omi ò tutù jù. Eyín mi ló ń kú lọ, èmi ni mi ò mọ̀.

Mo ń kọ èyí nítorí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo eyín yín nínú dígí, tẹ́ ẹ sì fẹ́ lọ ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní fíníà, ìyẹn nǹkan funfun tí wọ́n fi ń bo ojú eyín kó lè rẹwà. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é o. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tójú mi rí ná.

Ìyá Ṣọlá ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ Òkukù ni mí, Inísà ni ọkọ mi ti wá, Ìkìrun la fi ṣe ibùgbé, ibẹ̀ ni mo sì ti ń ránṣọ láti ìgbà tí Ṣọlá àkọ́bí mi ṣì wà lẹ́yìn mi. Mo ní èjí, àlàfo tó máa ń wà láàárín eyín iwájú méjèèjì. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti jogún ẹ̀. Tí àwa méjèèjì bá jọ rẹ́rìn-ín ní Òkukù, ẹni tí kò mọ̀ wá rí ò ní béèrè bóyá ìyá àtọmọ ni wá.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú eyín méjèèjì yẹn ti lábùkù. Ẹnu ni mo fi ń já òwú. Bí ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí gbogbo wa ṣe kọ́ ọ nìyẹn, torí ọwọ́ kan wà lára aṣọ, èkejì wà lára máṣíìnì, àlùmọ́gàjí ní tiẹ̀, abẹ́ aṣọ ló máa ń sá sí. Òwú ti jẹ igun eyín náà díẹ̀díẹ̀, ó ti dá kòtò kékeré sí i, kòtò náà sì ti dúdú. Kò dùn mí, kò sì dí mi lọ́wọ́. Mo ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

Àfìgbà tí ẹgbẹ́ aránṣọ fi mí ṣe alága. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà ọdún tuntun, fọ́tò alága ló sì máa tóbi jù láàárín. Ẹ̀yin náà mọ kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, odidi ọdún ló fi ń wà lára ògiri ilé onílé. Mo wo dígí, mo rí igun dúdú yẹn. Mo ní rárá o, kì í ṣe ẹnu yìí ni gbogbo ìlú máa jí wò láràárọ̀.

Ọmọbìnrin kan wà nítòsí gáréèjì tó ń lẹ irun ìpéǹpéjú, tó sì ń ṣe èékánná. Ó ní òun ń ṣe fíníà náà, èyí tí wọ́n fi kọ̀mpósíìtì ṣe. Kọ̀mpósíìtì yìí, nǹkan funfun kan ni, ó rọ̀ bí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò. Wọ́n á mọ ọ́n sójú eyín, wọ́n á tan iná aláwọ̀ búlúù sí i, á sì le. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń parí ẹ̀, kò sì gba kí wọ́n gé eyín púpọ̀. Gbogbo èyí tó sọ fún mi yìí, òótọ́ ni. Ohun tí kò sọ ni pé dókítà eyín ló yẹ kó ṣe é. Kò wo èrìgì mi. Kò béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Kò tilẹ̀ wo inú kòtò dúdú yẹn bóyá nǹkan ń jẹ ẹ́. Ó ha ojú eyín, ó lẹ nǹkan ẹ̀ mọ́ ọn, ó tanná, ó ní, "Màmá, ẹ wo ara yín."

Mo wo ara mi. Igun dúdú ti lọ. Èjí náà ti lọ, ó ti mọ eyín méjèèjì títí wọ́n fi kanra. Mi ò ní kó dí i, òun ló ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń dọ́gba. Ká má parọ́, inú mi dùn. Mo rẹ́rìn-ín títí dé ilé.

Bàbá Ṣọlá, ọkọ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n wò mí títí.

"Ìyá Ṣọlá, èjí mi dà?"

"Èjí yín kẹ̀? Ṣé ẹnu yín ló wà ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì padà sídìí rédíò wọn.

Nígbà tí kàlẹ́ńdà jáde, mo gbé ọ̀kan lọ fún ìyá mi ní Òkukù. Ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, wọ́n ní láti gbé nǹkan sún mọ́ imú kí wọ́n tó rí i. Wọ́n gbé kàlẹ́ńdà náà sún mọ́ imú.

"Ta nìyí tó wọ aṣọ ọmọ mi?"

"Èmi ni, Ìyá mi."

Wọ́n wò mí, wọ́n tún wo bébà náà. Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì ní kí n bá àwọn fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kàlẹ́ńdà tí fọ́tò mi kékeré wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó ti gbó, òun ni wọ́n fi sílẹ̀ lójú ògiri. Ó dùn mí o. Ṣùgbọ́n mo ní àgbà ló ń dà wọ́n láàmú.

Kò pẹ́ tí mo fi gbàgbé ara mi tí mo fi fíníà já òwú. Etí ẹ̀ sán. Ọmọbìnrin yẹn tún un mọ, ó tún nípọn sí i. Èrìgì mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ tí mo bá fi orín fọ ẹnu. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi tútù gún mi. Nígbà tó yá, ẹ̀kọ gbígbóná náà ń gún un. Lẹ́yìn náà, kò dúró de omi tàbí ẹ̀kọ mọ́, ó kàn ń lù kìkìkì láàyè ara ẹ̀, tí mo bá sì fẹ̀yìn lélẹ̀, á le sí i. Mo fi omi iyọ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ẹnu. Mo lo oògùn ara ríro. Aládùúgbò mi kan ní kí n fi ògógóró sẹ́nu, kí n sì tu ú dànù. Mo ṣe é, mo sì gba ibẹ̀ lọ sí ìpàdé àdúrà. Ìyàwó pásítọ̀ dì mọ́ mi, wọ́n fà sẹ́yìn.

"Ìyá Ṣọlá! Kí ni mò ń gbọ́ lẹ́nu yín yìí?"

"Eyín ni o, Màmá. Mo fi Ọlọ́run búra, eyín ni!"

Gbogbo ìjọ ló fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, eyín ò jẹ́.

Ọjọ́ tí oówo kékeré yọ lórí èrìgì mi, tí ètè mi sì wú, ni Bàbá Ṣọlá pa rédíò. Wọ́n ní, "Dìde, à ń lọ Òṣogbo." A wọkọ̀. Gbogbo gálọ́ọ̀pù ojú ọ̀nà ni mo fi eyín yẹn kà.

Ẹ̀rù ń bà mí ní ilé ìwòsàn eyín, ní yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà. Bàbá kan fi gèlè ìyàwó ẹ̀ di àgbọ̀n, kò gbójú sókè. Ìró ẹ̀rọ ń dún nínú lọ́hùn-ún, tó bá ti dún, gbogbo wa á jọ wo ilẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó pè mí. Dókítà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ohùn ẹ̀ tutù. Ó fi irin kékeré kan eyín mi, ó ní kí wọ́n ya fọ́tò inú eyín, ìyẹn àwòrán tó ń fi gbòǹgbò hàn.

"Màmá, ẹ̀ ń fi eyín já òwú."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Eyín yín ni."

Ó ṣàlàyé fún wa. Nínú eyín, abẹ́ èèpo líle yẹn, mùdùnmúdùn kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, òun ló ń jẹ́ kí eyín wà láàyè. Kòtò tí òwú gbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà kí wọ́n tó lẹ fíníà bò ó. Wọ́n dé ìdọ̀tí mọ́nú ni. Ó jẹrà wọlé títí ó fi dé mùdùnmúdùn, ọyún sì gba ìdí gbòǹgbò jáde, òun ni oówo tí mo rí. Etí fíníà tó nípọn náà tún wọnú èrìgì, búrọ́ọ̀ṣì ò lè débẹ̀.

Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè yọ eyín náà. Tàbí kí wọ́n fọ ihò gbòǹgbò ẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì dí i. Ó ní òun ò lè ṣèlérí pé yóò dúró, torí ọyún ti pẹ́ níbẹ̀.

Ohun tó ń lọ lọ́kàn mi ni pé tí wọ́n bá yọ ọ̀kan, èjí tán. Èjí kì í wà lára eyín kan ṣoṣo. Ohun tí ìyá mi fún mi, tí mo jẹ́ kí wọ́n fi nǹkan funfun bò nítorí kàlẹ́ńdà, mo ti fẹ́ pàdánù ẹ̀ pátápátá. Omijé bọ́ lójú mi, mi ò fi pa mọ́. Bàbá Ṣọlá tí kì í sọ̀rọ̀ ló sọ̀rọ̀.

"Dókítà, ẹ dákun, ẹ bá wa gbìyànjú ẹ̀."

Ó gún mi lábẹ́rẹ́ tó mú kí ètè mi kú, ìyẹn dùn mí ju gbogbo ìyókù lọ. Ó gé fíníà kúrò lójú eyín méjèèjì. Ó dá ihò sẹ́yìn eyín tó ń ṣàìsàn, ó wá ń fi àwọn irin tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ọwọ́ fọ inú gbòǹgbò. Mo ń gbọ́ òórùn ohun tó ń jáde, kò dára. Ó fi oògùn sínú, ó dí i fúngbà díẹ̀, ó ní kí n máa padà wá. Ara ń ta mí fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Oówo náà gbẹ, ó sì tún yọ. Ọjọ́ tó tún yọ yẹn, mi ò ránṣọ kankan. Dókítà tún un fọ̀, ó pààrọ̀ oògùn. A tún ń dúró, mo ń fi ahọ́n yẹ ibẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ ìkòkò wò lórí iná.

Oówo náà gbẹ, kò sì yọ mọ́. Wọ́n ya fọ́tò míì, dókítà ní ìdí gbòǹgbò ti ń jinná. Ó dí ihò náà pa. Ẹ wá gbọ́ o, kọ̀mpósíìtì kan náà yẹn ló fi tún igun eyín mi ṣe! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lórí àga. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe ohun èlò yẹn ló ṣe mí. Ó béèrè bóyá kóun dí èjí náà. Mo ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o!"

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe é, dókítà eyín ni kẹ́ ẹ lọ bá. Kó yẹ eyín yín wò kó tó bò ó, kó fọ̀ ọ́, kó tọ́jú èyí tó bá ń jẹrà àti èrìgì tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ bi í bóyá yóò gé nínú eyín yín, torí èyí tí wọ́n bá gé kì í hù padà. Ẹ mọ̀ pé fíníà kì í wà títí ayé. Obì àti kọfí á kùn ún, á máa sán, ẹ ó sì máa padà lọ tún un ṣe. Ẹ sọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe fún wọn, àti ohun tẹ́ ẹ̀ ń fi eyín ṣe, ìbáà jẹ́ òwú, ìbáà jẹ́ eegun, ìbáà jẹ́ ìdérí ìgò. Ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ ò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn. Èmi ò sọ ọ́.

Eyín náà ò dà bíi ti tẹ́lẹ̀ tán. Ó ṣú díẹ̀ ju èkejì ẹ̀ lọ, dókítà sì ní tó bá yá ó lè gba kí wọ́n dé e ládé, ìyẹn ìdérí líle tí wọ́n fi ń bo gbogbo eyín. Mo ti so àlùmọ́gàjí kékeré mọ́ okùn, ó wà lọ́rùn mi látàárọ̀ dalẹ́. Ẹnu mi ṣì máa ń lọ síbi òwú, màá sì dá a dúró. Ara yìí, ó ń ṣiṣẹ́ fún wa, a kì í kí i. Eyín tó bá mi jẹun, tó bá mi já òwú gbogbo aṣọ tí mo fi tọ́mọ, mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ rí àfìgbà tó ń kú lọ. Mo dúpẹ́ báyìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà tí kò ṣèlérí ohun tí kò mọ̀.

Kàlẹ́ńdà ọdún míì tún jáde. Mo gbé e lọ sí Òkukù, mo jókòó ti ìyá mi lórí ẹní. Wọ́n gbé e sún mọ́ imú, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá fi ìka kan àárín ẹnu mi lórí bébà náà, ibi tí èjí wà gan-an.

Wọ́n ní, "Ó ti dé."

Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn yọ ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí n fi èyí kọ́ ojú ògiri.