Ẹ Kú Àṣẹ̀yìndè, Sà

Bí o bá fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n fẹ́ yan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò máa ran olùkọ́ lọ́wọ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, má wulẹ̀ lọ wo pátákó ìkéde. Ìkíni ni kí o fetí sí. Àwa tí à ń kàwé másítà, tí a ti ń kọjá lára àwọn olùkọ́ bí ẹni tí kò rí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, a óò kàn dédé di ọmọlúàbí. Ẹnì kan á sáré gba báàgì lọ́wọ́ olùkọ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹlòmíràn á dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì láti aago méje àárọ̀, á ní òun kàn ń gba atẹ́gùn ni. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Èmi kò gba báàgì ẹnikẹ́ni. Ìkíni kan ṣoṣo ni mo kí ní gbogbo àsìkò náà, ìyẹn ló sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Akọ̀wé ẹ̀ka á gbé fọ́ọ̀mù jáde. Wàá kọ kọ́ọ̀sì mẹ́ta tí o lè bá wọn kọ́ sínú rẹ̀, olùkọ́ méjì á kọ̀wé láti jẹ́rìí sí ọ, wàá sì lọ jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tí wọn á bi ọ́ ní ìbéèrè. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn á lẹ orúkọ mọ́ pátákó, orúkọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kọ́ọ̀sì tí wọ́n fún un. Ẹni tí wọ́n bá mú kò ní sanwó ilé-ìwé mọ́ títí yóò fi parí. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àyè méjì péré ló wà. Bí n kò bá rí ọ̀kan gbà nínú méjèèjì, kò ní sí ọdún kejì fún mi. Màmá mi ti sọ ọ́ fún mi láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.

Aránṣọ ni màmá mi, ní Ogida, àdúgbò tí a ń gbé ní ìlú Benin. Bàbá mi ti kú kí n tó jáde ilé-ìwé girama, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ yìí ló sì fi tọ́ mi àti àwọn àbúrò mi méjì. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Láràárọ̀, kí n tó jáde nílé, mo máa ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ ọwọ́ mẹ́wàá, màá gún wọn mọ́ ara tìmùtìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dúdú lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀, kó lè rí wọn lò títí màá fi dé. Ó máa ń sọ pé òun á fara dà á títí ọdún yẹn yóò fi parí, pé kí n ṣáà ti wá bí iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ yẹn ṣe máa bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ká sọ tòótọ́, mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó fún mi ní lẹ́tà. Ẹ̀kọ́ nípa ewéko là ń kọ́. Ní gbogbo ọdún yẹn, èmi ni mo ń bá olùkọ́ kan dúró ti àwọn ọmọ ọdún kìíní nínú yàrá ìwádìí. A ó bó awọ àlùbọ́sà tó fẹ́lẹ́ jù lọ, a ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, a ó kán áyódìnì lé e, a ó sì gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù kí wọ́n lè rí sẹ́ẹ̀lì tó wà lára rẹ̀. Wọn kì í rí i. Irun ìpéǹpéjú ara wọn ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń yà sínú ìwé, wọn á yà á dáadáa, wọn á tún kọ orúkọ àlùbọ́sà sábẹ́ rẹ̀. Màá bá wọn yí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọmọ kan bá wá rí i lóòótọ́, kì í pariwo, ńṣe ló máa ń dákẹ́. Mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ju ohunkóhun tí mo kọ́ ní yunifásítì lọ.

Olórí ẹ̀ka wa nígbà náà, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, Yorùbá ni. Èkìtì ni wọ́n ti wá, bíi ti màmá mi, alàgbà sì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó wà ní àdúgbò kan létí Sapele Road, níbi tí wọ́n ti ń fi Yorùbá ṣe ìsìn. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn, wọn á gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọn á ní, "Ọmọ mi, báwo ni?" Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ másítà ni wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì, tí wọ́n pa ilẹ̀kùn dé.

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ mi ni ọ́," ni wọ́n wí. "Níbí, o ò mọ̀ mí rí. Bí wọ́n bá mọ̀, wọn á ní àwọn èèyàn mi ni mò ń kó wọlé. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́, sà. Ọ̀rọ̀ náà kò burú létí mi. Àwa tí a jẹ́ àlejò nílùú tí a bí wa sí mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ni. Láti ọjọ́ náà lọ, bí mo bá pàdé wọn ní kọ́rídọ̀, ìdúró ni mo ń dúró, màá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kí wọn bí ẹni tí wọ́n de igi mọ́ lẹ́yìn, wọn á mi orí sí mi, wọn á kọjá. Níbẹ̀rẹ̀, ńṣe ni orúnkún máa ń yún mi. Nígbà tó yá ó mọ́ mi lára. Odindi ọdún kan ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó fura.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n kú nílé. Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyá ni ìyá ń jẹ́. Wọ́n lọ sin òkú náà ní Èkìtì, àná ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wa ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé Benin. Láàárọ̀ ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, bí mo ṣe ń fi òwú sí abẹ́rẹ́, màmá mi ní, "Bí o bá ti rí Alàgbà, kí o kí wọn kú àṣẹ̀yìndè o."

Mo ní, "Mà, a kì í kíra bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ò jìnnà."

"Èmi ò sọ ti ilé-ìwé," ló wí. "Ọ̀rọ̀ òkú ìyá ni mò ń sọ. Ṣé wàá wo ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀, kí o má kí i?"

Mo ní ó dáa, mà, kí ọ̀rọ̀ lè parí. N kò ní i lọ́kàn rárá.

Àwọn márààrún jókòó sí ẹ̀yìn tábìlì gígùn, Ọ̀jọ̀gbọ́n wà láàárín. Ọ̀fọ̀ ìyá wọn ti mú wọn rù. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì wọn ti fẹ̀ jù wọ́n lọ. Wọn kò wo ojú mi ju bí wọ́n ṣe ń wo ti ẹlòmíràn lọ, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí ní ìbéèrè tiwọn. Olùkọ́ obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, ló bi mí pé kí ni mo máa ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ya ohun tí kò sí lábẹ́ maikirosikóòpù. Mo sọ ìtàn irun ìpéǹpéjú fún wọn. Mo ní n kì í fagi lé e, mo máa ń ní kí ọmọ náà ṣẹ́jú kó sì wò ó bóyá àlùbọ́sà náà máa ń ṣẹ́jú. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, obìnrin náà pàápàá, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ti rí i gbà. Ìgbà ìkẹyìn tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní mo lè máa lọ. Mo ti di ilẹ̀kùn mú nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn láti dúpẹ́. Wọ́n ti bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń fi táwẹ̀lì kékeré nu ojú. Irú èyí tí wọ́n ń pín níbi òkú ni, àwòrán ìyá náà wà lára rẹ̀, pẹ̀lú gèlè funfun. Mo rí ojú ìyá náà ní ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹni mẹ́rin ló jókòó tì wọ́n, kò sì sí èyí tó ṣe bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kú.

N kò ronú. Orúnkún mi ti wà nílẹ̀ kí n tó mọ̀.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá, sà. Ẹ̀yìn wọn á dára. Ọlọ́run á jẹ́ kó jìnnà síra wọn."

Bí mo bá fẹ́ ṣàánú ara mi, màá sọ pé bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá tibẹ̀ parí, ká ní wọ́n kàn mi orí ni. Ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ náà ṣì tutù lára wọn. Wọ́n gbàgbé ibi tí a wà. Wọ́n na ọwọ́ sí mi láti òdì kejì tábìlì bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní, "Àmín. Ó ṣeun, ọmọ mi. Bá mi kí màmá rẹ."

Obìnrin náà gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ah, Prof," ló wí jẹ́jẹ́, "so na your pikin be this."

Ó ní àṣé ọmọ wọn ni mí. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Olùkọ́ ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wo òkè àjà. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi awò wọn padà sójú, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé gbogbo ọmọ ìjọ ni ọmọ alàgbà, ọ̀rọ̀ náà sì tún wá lọ́jú pọ̀ sí i, nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìjọ kan náà la wà. Mo dìde, mo gbọn síkẹ́ẹ̀tì mi, mo jáde.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n lẹ orúkọ. Orúkọ méjì, tèmi kò sí níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí kò dúró nínú yàrá ìwádìí rí ni wọ́n fún ní àwọn ọmọ ọdún kìíní mi. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Lọ́jọ́ kejì ó wá bẹ̀ mí pé kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń bó awọ àlùbọ́sà tí kì í fi í ya. Mo kọ́ ọ. Mo bó àlùbọ́sà títí omi fi ń dà lójú mi, mo sì dúpẹ́ pé àlùbọ́sà ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò pa ilẹ̀kùn dé, wọ́n ṣí i sílẹ̀ gbayawu kí gbogbo ayé lè rí wa.

"Ìwọ lo gba máàkì jù," ni wọ́n wí lábẹ́ ohùn. "Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ orúkọ rẹ. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ìwé ẹ̀sùn á ti dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wọn á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ, wọn á sì bà mí lórúkọ jẹ́."

Mo ní mo gbọ́, sà.

"Nínú gbogbo ilé-ìwé yìí," ni wọ́n tún wí, "ìwọ nìkan lo kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó sin ìyá."

Mo bínú sí wọn, mo sì káàánú wọn, n kò sì mọ èyí tí n bá gbé jáde nínú méjèèjì. Bí wọ́n bá nà mí ì bá sàn. Mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Uselu, lẹ́bàá ilé-ìwé wa, délé, n kò rántí ọ̀nà.

Màmá mi ti rí i lójú mi kí n tó sọ̀rọ̀. Ó pa ẹ̀rọ. Ó ká aṣọ ẹni ẹlẹ́ni tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí n kò múra sílẹ̀ fún.

"Ṣé o kí wọn bí mo ṣe ní kí o kí wọn?"

Mo wò ó. Mo wo àwọn abẹ́rẹ́ tí mo gún sílẹ̀ fún un láàárọ̀, ó ti lo gbogbo wọn tán. Bí mo bá ní mo kí wọn, yóò bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀, yóò sì mọ̀ pé ẹnu òun ni iṣẹ́ náà bá lọ. Kò ní lè gbé e. Mo mọ̀ ọ́n.

"Mi ò kí wọn, mà," ni mo wí. "Mo gbàgbé."

Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní, "Mo mọ̀." Ó ní àwọn àbúrò mi tí ń fi Pidgin dá òun lóhùn kò dun òun, ṣùgbọ́n òun rò pé òun rí ọ̀kan kọ́ nínú wa. Gbogbo alẹ́ yẹn, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Lónìí, ilé-ìwé aládàáni kan ní Ogida ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Wọn kò ní maikirosikóòpù. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń ya sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà sára pátákó, wọ́n ń dà á kọ, kò sí ẹni tó ń dákẹ́. N kò padà sí yunifásítì mọ́, n kò sì rò pé màá padà. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó tí mo ń ro ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe pátákó ìkéde ni mo máa ń rí. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni.

Ìsìn ti parí. Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró lábẹ́ ìbòji ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá mi fà mí lọ́wọ́ dé iwájú wọn, ó kúnlẹ̀ nínú iyanrìn, ó sì fà mí kúnlẹ̀ pẹ̀lú.

"Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló wí. "Ọmọdé ń ṣe é. Ó rí yín lẹ́yìn òkú Màmá, kò kí yín. Èmi ni mo kọ́ ọ, kì í ṣe pé n kò kọ́ ọ. Ẹ dárí jì í."

Wọ́n wò mí. Mo gbọn orí díẹ̀, kí wọ́n má sọ ọ́. Mo rò pé wọ́n á sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ táwẹ̀lì yẹn nínú àpò, wọ́n sì nu ojú wọn.

"Ẹ dìde, mà," ni wọ́n wí. "Ó ti tán. Mo ti dárí jì í."

Màmá mi fi ìgúnpá gún mi pé kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.