Yẹ̀rì Ẹ̀gbọ́n Mi

Nígbàkígbà tí òórùn aró tútù bá kàn mí nímú, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo máa ń rántí. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn ikú ìyá wa, òun náà ló sì ń jó Ṣàngó ládùúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bó bá ti ń pòòyì, yẹ̀rì aláró ìdí rẹ̀ á là bí olú ọ̀gán. Àwọn ọmọbìnrin àdúgbò tiẹ̀ ti ń ṣẹ́ ìró wọn po nídìí kó lè fẹ̀ bíi tirẹ̀, wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ odò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ dé láti Ayépé, wọ́n wá mú ìyàwó wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi so yẹ̀rì náà mọ́ mi nídìí. Aṣọ náà ń wọ́ nílẹ̀.

Ó ní, “Pòòyì kí n wò ọ́. Má dúró o.”

Mo ń pòòyì. Atẹ́gùn wọ abẹ́ aṣọ náà, ògiri amọ̀ ń yí lójú mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó fẹ̀?”

Nígbà tí mo dúró, adìyẹ nìkan ló kù lágbàlá.

Ó ti wá yé mi pé kò fẹ́ kí n máa sunkún tẹ̀lé òun ni.

Lọ́jọ́ náà, mo rò pé ó sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì, kó lè rí mi dáadáa.