Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Iwájú

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ nípa ìjọba tó pín agbára sọ́nà mẹ́ta, kó kọ́kọ́ wá àga kó jókòó, nítorí mo ní tèmi láti sọ. A ti dán an wò nínú ilé wa l'Ólówógbowó kí àwọn ológun tó gbé e lé gbogbo orílẹ̀-èdè lọ́wọ́. Èmi ni mo fi tápuráítà tẹ ìwé òfin náà. Èmi náà sì ni sẹ́kẹ́tírì tó ń kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, títí kan bí yàrá tí ìyá mi fi ń jẹun ṣe bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ilé bàbá ìyá mi ni, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí àwọn baba wọn kọ́ nígbà tí wọ́n ti Sàró dé. Yàrá iwájú nísàlẹ̀ ní fèrèsé ńlá méjì tó kọjú sí títì. Nígbà tí bàbá mi kú, tí ìyá mi fà mí lọ́wọ́ padà wálé, bàbá rẹ̀ fún un ní yàrá náà, ó ní kó máa lò ó títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Ẹnu ló fi sọ ọ́, lójú àbúrò tirẹ̀ obìnrin, Màmá Àgbà. Ibẹ̀ ni ìyá mi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ló ń rán, àti aṣọ funfun àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin tó ń ti ọjà Èbúté Èrò bọ̀ á rí i láti ojú títì, wọ́n á yà, wọ́n á ní kó bá àwọn ṣẹ́ etí aṣọ. Ojú rẹ̀ òsì kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti gba fèrèsé wọlé láàárọ̀, á jókòó sínú rẹ̀, á sì ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láì bẹ ẹnikẹ́ni. Ó máa ń sọ pé ojú kan ló kù fún òun, pé fèrèsé ni ìkejì.

Lẹ́yìn ikú bàbá wọn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin tó jẹ́ àkọ́bí di olórí ilé. Àṣẹ ọkùnrin yìí kò mọ níwọ̀n. Bó bá ṣòfin láàárọ̀, òun náà ló máa dá ẹni tó rú u lẹ́jọ́ lọ́sàn-án, òun náà ló sì máa fìyà jẹ ẹ́. A jí lọ́jọ́ kan, a bá kùkùté níbi tí igi gbẹ̀rẹ̀fútù ẹ̀yìnkùlé wà, igi tí gbogbo wa ti ń jẹ èso rẹ̀ láti kékeré. Kò bi ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bẹ̀rù fún yàrá iwájú.

Ìyẹn ló jẹ́ kí inú mi dùn nígbà tí àbúrò ìyá mi ọkùnrin gbé ọ̀rọ̀ pípín agbára dé. Akọ̀wé kóòtù ni Ọ́ńkù mi yìí, ó fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ. Nígbà náà, àwọn ológun ti sọ pé àwọn máa padà sí bárékè, gbogbo ìwé ìròyìn sì kún fún àríyànjiyàn lórí òfin tuntun tí wọ́n máa fi ṣèjọba. Ọ́ńkù á gé e, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé kan tó ń gbé kiri. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí ẹbí pàdé lókè lẹ́yìn ìsìn, ó dìde, ó ti awò ojú rẹ̀ sókè.

"Ẹ̀ka mẹ́ta ni," ó ní. "Kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ tí olórí ìjọba ń jókòó láàárín àwọn aṣòfin. Àwọn kan á ṣòfin. Prẹ́sídẹ́ńtì á dá dúró, á máa mú òfin ṣẹ. Àwọn mìíràn á máa dájọ́. Kò sẹ́ni tó máa wọ iṣẹ́ ẹnìkejì, wọ́n á sì máa ṣọ́ ara wọn. Bó ṣe yẹ kí ilé tiwa náà rí nìyẹn."

Ìyá mi bi í pé, "Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ máa wà?"

"Ọwọ́ Prẹ́sídẹ́ńtì ni, Sístà. Àmọ́ lábẹ́ òfin."

Èmi ni mo rọra sọ fún ìyá mi pé kó fọkàn balẹ̀. Olórí ilé náà kò janpata, a ti ń retí ìjà tẹ́lẹ̀. Orúkọ yẹn ló dùn mọ́ ọn. Kó tó di alẹ́ ọjọ́ náà, ó ti ń pe ara rẹ̀ ní Prẹ́sídẹ́ńtì fún ẹni tó ń gbé ìwé ìròyìn wá.

Báyìí la ṣe tò ó. Àgbàlagbà méjìlá nínú ẹbí di aṣòfin, ìyá mi wà lára wọn, Ọ́ńkù sì ni olórí wọn. Màmá Àgbà, àbúrò bàbá wọn tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ni adájọ́. Prẹ́sídẹ́ńtì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, lábẹ́ pákó tí wọ́n kan ìṣó mọ́, níbi tí wọ́n ń fi gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé kọ́ sí. Tábìlì sẹ́kẹ́tírì kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ sí ìdí pákó náà. Ibi iṣẹ́ mi ní Marina ni mo ti tẹ ìwé òfin wa, lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, láìjẹun. Ọ́ńkù ló kọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo fi ìlà méjì kún un, mo sì ń fi wọ́n yangàn. Èkíní ni pé ẹ̀ka kan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tó wà ní ìkáwọ́ ẹ̀ka mìíràn. Èkejì ni pé sẹ́kẹ́tírì kò gbọdọ̀ dìbò, kí àkọsílẹ̀ má baà ṣègbè. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Mo rò pé mo ti mọ odi yí ìyá mi ká.

Mi ò ní purọ́, ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. A ṣòfin ẹni tó máa gbá àtẹ̀gùn àti ẹni tó máa kọ́kọ́ pọnmi nídìí ẹ̀rọ láàárọ̀, ìjà sì dínkù. Prẹ́sídẹ́ńtì tilẹ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ wa kó tó kun géètì. Mo fi ọ̀rọ̀ ilé wa ṣakọ títí níbi iṣẹ́, débi pé àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí ní Họ́nọ́rébù.

Ìgbà tí wọ́n tún gba ẹgbẹ́ òṣèlú láàyè ni nǹkan dàrú. Prẹ́sídẹ́ńtì wa fẹ́ di èèyàn ńlá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn kan rìn, wọ́n ń gbé mọ́tò wá gbé e, ó sì ṣèlérí fún wọn pé òun máa fún wọn ní yàrá iwájú láti fi ṣe ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ Ajé kan, ìyá mi ti ọjà Sandgrouse dé pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja nínú agbọ̀n, ó bá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní kọ́ríídọ̀. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yàrá iwájú pa. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, èyí tí ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ so òwú pupa mọ́, ti wà lórí ìṣó lókè. Wọ́n fún un ní yàrá kan lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri aládùúgbò.

Mo ní kó má sunkún, pé òfin wà. Mo kọ ẹ̀sùn, mo gbé e fún Màmá Àgbà.

Ó dá ẹjọ́ náà lójú gbogbo wa. "Mo wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá yín sọ ọ́," ó ní. "Ti ọmọbìnrin yìí ni yàrá iwájú títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹ ṣí i fún un." Àtẹ́wọ́ sọ. Ìyá mi fi etí gèlè nu ojú. Prẹ́sídẹ́ńtì dìde, ó tẹríba fún Màmá Àgbà.

"Mo gbọ́ ìdájọ́, Màmá, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìwé òfin wa sọ pé èmi ni mo ń mú nǹkan ṣẹ. Màá mú un ṣẹ nígbà tí àyè bá gbà á."

Ó jókòó padà sábẹ́ kọ́kọ́rọ́ olówùú pupa náà. A kọ orin ìparí, a lọ jẹun.

Oṣù kan kọjá, àyè kò gbà á. Mo lọ bá Màmá Àgbà nínú yàrá rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní kó tún pàṣẹ.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Láyé ijọ́un, bàtà ẹsẹ̀ mi ni mi ò bá bọ́, mi ò bá sì fi na ọmọkùnrin yẹn títí á fi fọwọ́ ara rẹ̀ já kọ́kọ́rọ́ wálẹ̀. Ẹ̀yin alákọ̀wé lẹ ní adájọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan aláṣẹ. Ẹnu nìkan lẹ ṣẹ́ kù fún mi. Mo ti fi sọ̀rọ̀."

Ìlà tèmi ni. Mi ò lè gbójú sókè.

Ó wá kan àwọn aṣòfin. Wọ́n ṣòfin pé kí Prẹ́sídẹ́ńtì ṣí yàrá náà láàárín ọjọ́ méje. Ó dá ìwé náà padà láìfọwọ́ sí i. Ẹ bá mi wo Ọ́ńkù mi! Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. "Ẹ rí i? Bó ṣe wà nínú ìwé gan-an nìyí! Aṣòfin ṣe é, aláṣẹ kọ̀ ọ́. Ó ń ṣiṣẹ́!" Mo fẹ́ da omi lé e lórí. Lójú tirẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá ti bá ohun tó gé nínú ìwé ìròyìn mu, ilé ti tòrò nìyẹn. Ìyá mi ń ranṣọ nínú òkùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ó ti ń rán apá aṣọ sódì, àwọn ìyá oníyunifọ́ọ̀mù sì ti ń gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn. Mo lè sọ pé mo ti dárí ji Prẹ́sídẹ́ńtì. Mi ò tíì dárí ji Ọ́ńkù.

Ohun kan ló kù nínú ìwé: aṣòfin lè yọ Prẹ́sídẹ́ńtì nípò, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn bá fọwọ́ sí i. Ẹni mẹ́jọ nínú méjìlá nìyẹn. Mo lọ láti yàrá dé yàrá, mo bẹ̀bẹ̀, mo halẹ̀, mo rí ẹni méje. Mo ka ìyá mi mọ́ wọn, ó pé mẹ́jọ. Mi ò bi í. Kí ni mo fẹ́ bi í sí?

Ní ọjọ́ Ìsinmi náà, Ọ́ńkù ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́. Mo dìde láti kà á. Ẹni méje nawọ́. Ìyá mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì iwájú, ìwé orin rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí ìwé orin. Mo wò ó. Kò wò mí. Mo tún ọwọ́ náà kà, mo rọra kà á kó lè ní àyè. Ọ́ńkù ní, "Sẹ́kẹ́tírì, mélòó?" Mo ní méje. Mo kọ méje sínú ìwé, gègé mi sì dá ìwé náà lu.

Inú bí mi sí ìyá mi fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mò ń gbé oúnjẹ fún un, mò ń kí i ní àkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ láàárín wa. Èyí tó tún burú ni pé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú yẹn kò lo yàrá náà rí. Wọ́n kó ìdì pósítà kan wá, wọ́n lọ, wọn ò sì padà. Eku ló ń gbé ibi tí ìyá mi ti ń ríran.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1979 tí wọ́n búra fún Prẹ́sídẹ́ńtì gbogbo orílẹ̀-èdè, rédíò ń pariwo lókè, Ọ́ńkù sì ń ṣàlàyé ìbúra náà fún gbogbo ẹni tó bá ní etí. Mi ò lè jókòó gbọ́ ọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na abẹ́rẹ́ àti òwú sí mi pé kí n bá òun ki òwú náà bọ abẹ́rẹ́. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ò nawọ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"Bùọ̀dá mi ni. Ní gbogbo àsìkò òjò, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fi ń dé iléèwé. Mo máa wá nawọ́ lé e lójú gbogbo ẹbí?"

"Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti nawọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé."

"Ìwọ náà ò nawọ́."

"Sẹ́kẹ́tírì ni mí, Màámi. Sẹ́kẹ́tírì kì í dìbò."

"Ta ló ní kó má dìbò?"

Ó mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́. Ó fọwọ́ pa aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀ títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Nígbà tó o dìde tó ò ń ka ọwọ́ àwọn èèyàn," ó ní, "mo rò pé kọ́kọ́rọ́ lo fẹ́ lọ mú lórí ìṣó fún mi."

Ojú tì mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú kí òwú tó wọ ojú abẹ́rẹ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí nǹkan kan tó ṣe ojú mi.