Àgbọn Ọjọ́ Abẹ́rẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Lákọ̀wé, ọ̀dà ojú títì márosẹ̀ ṣì ń dán. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà lápá ibẹ̀ á rántí bí a ṣe ń sáré lọ wo mọ́tò létí títì, tí a ó fi ẹsẹ̀ kó yanrìn wọlé, tí wọn ó sì fi ìgbátí kí wa káàbọ̀. Iṣẹ́ méjì ni mo ní: kí n máa koná sábẹ́ ẹja tí ìyá mi ń yan, kí n sì máa pọn àbúrò mi, Báyọ̀. Ọmọ náà wúwo, ó sì fẹ́ràn kó máa fa irun mi. Òórùn èéfín ẹja àti itọ́ rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn mi.

Ojú títì yẹn ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ó kọ́kọ́ wá láti béèrè iye ọmọ tó wà nílé kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ iye abẹ́rẹ́ àjẹsára tí yóò kó sínú kúlà oníyìnyín rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyá mi kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọlọ́run ló mọ iye wọn, Àǹtí." Ohun tí gbogbo ilé sọ nìyẹn. Obìnrin náà fojú díwọ̀n ni.

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà wa, ìyá tó bí bàbá mi, ló jókòó sí. A dúró kí ẹja gbẹ ká tó lọ. Nígbà tí yóò fi kàn wá, kúlà ti ṣófo. Àǹtí Nọ́ọ̀sì bẹ ìyá mi pé kí wọ́n ní sùúrù di oṣù tó ń bọ̀. Wọn ò tilẹ̀ bínú. Ara Báyọ̀ le, ta ló sì ń gbé ọmọ tí kò ṣàìsàn lọ gún lábẹ́rẹ́?

Kí oṣù tó yí, èéyi wọ abúlé. Ó sú bo Báyọ̀ lára, ojú rẹ̀ pọ́n, kò lè mu ọmú mọ́. Àárọ̀ tó kú, mo ti mú ọ̀já lọ́wọ́ láti pọ̀n ọ́n. Ẹ̀yìn mi fúyẹ́ láti ọjọ́ náà, ó sì dùn mí títí di òní.

Nígbà tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì padà wá, ìyá àgbà pe àwọn obìnrin jọ. Wọ́n ní, "A ò ní í ka ọmọ. Ṣùgbọ́n ta ló ní ká má ka àgbọn? Kí ìyá kọ̀ọ̀kan gbé àgbọn kan wá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ní. Àǹtí, àgbọn ni kẹ́ ẹ kà."

Ìyá mi gbé àgbọn tèmi sílẹ̀, wọ́n tún gbé òmíràn tì í. Ìyá àgbà ò bá ìyá mi wí. Wọ́n gbé àgbọn kejì, wọ́n sì gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bí àṣà wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì á ka àgbọn, á kó abẹ́rẹ́ tó tó wá. Tí wọ́n bá gún wa tán, wọ́n á fọ́ àgbọn náà fún wa ká fi mu gàrí, ẹkún á sì dá. Mufú ilé kejì jẹ tirẹ̀ lọ́nà, ó rò pé òun ti bọ́. Ìyá rẹ̀ ní kó kúnlẹ̀ kó nawọ́ sókè, òun náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ gún.

Nígbà tó yá, ìdílé wa yọ̀ǹda ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Àwọn apẹja ru yanrìn, àwọn bíríkìlà tó wá ṣiṣẹ́ ní ẹ̀sìtéètì tuntun tí wọ́n ń kọ́ létí títì sì bá wa mọ búlọ́ọ̀kù lọ́jọ́ ìsinmi wọn. Ó di yàrá kan, ó di méjì, lónìí ó ti di ilé ìlera tó ní yàrá ìgbẹ̀bí àti fíríìjì tó ń lo oòrùn. Ìyàwó àwọn lébìrà ń gbé ọmọ tí ara wọn le koko wá gba abẹ́rẹ́. Orí fóònù ni wọ́n ti ń sọ iye ọmọ wọn, ẹ̀rù ò sì bà wọ́n. Inú mi ń dùn sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àárò àgbọn ọjọ́ abẹ́rẹ́ ṣì ń sọ mí.

Láìpẹ́ yìí, mo mú ìyá mi lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì, ọmọdébìnrin kan báyìí, béèrè pé, "Màmá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín bíi tàtijọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n nawọ́ sí igi àgbọn tó wà lójú fèrèsé.

"Ka èyí tó mú mi wá yìí," ni wọ́n wí. "Kó o wá ka tìta yẹn mọ́ ọn."