Èèrà Iná àti Àdúrà Dádì Ìbàdàn

Tí ẹ bá tẹ èèrà ilé ìdáná wa ní Euless, ní Texas, pa láàárọ̀, tí ẹ sì gbé ìka sí imú, òórùn àgbọn tó ti bàjẹ́ lẹ máa gbọ́. Bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ mi nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Màmá mi á máa dín ẹyin, èmi á máa gbóòórùn ìka. "Lọ fọ ọwọ́ rẹ, ìwọ ọmọ yìí. Ṣé èèrà lo fẹ́ fẹ́ ni?" Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lágbègbè yẹn, tí ẹ̀ ń wo eré aláwòrán láàárọ̀ Sátidé, ẹ má bínú, mi ò rí tiyín rò nígbà náà.

Tísà sáyẹ́ǹsì wa ló kó bá mi. Ó yá mi ní awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó ní kí n máa wo ìbàdí èèrà, pé ibẹ̀ la ti ń dá wọn mọ̀. Àwọn kan ní kókó kan níbi tí ìbàdí ti tín-ín-rín, àwọn mìíràn ní méjì. Mo bá wá ìwé, mo ń kọ. Mo kọ èyí tó máa ń gbé ìdí sókè tí a bá dí i lọ́nà. Mo kọ èyí tó ń sáré kiri láì tò, bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò nù. Mo kọ àwọn pupa ńlá tó ń kó èso koríko jọ, tí wọ́n á ro ẹnu ọ̀nà ilé wọn títí koríko kan ò ní kù níbẹ̀.

Bàbá mi, tó ń kó ẹrù sínú bàálù ní pápákọ̀ òfurufú, kò nílò awò kankan. Èèrà mẹ́rin péré ló kó wá láti Ìbàdàn: èèrà lásán, tanpẹ́pẹ́, ìkamùdù àti ìjàlọ. Dandan ni kí gbogbo èèrà Texas wọ inú ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo mú èèrà dúdú ńlá tó ń gbẹ́ igi wá, ó ní ìkamùdù ni. Mo ní ṣebí ẹ ní ìkamùdù máa ń rùn, èyí ò rùn. Ó ní ti Amẹ́ríkà ni, wọ́n ń wẹ̀.

Lẹ́yìn òjò ọjọ́ méjì kan, ebè kékeré kan yọ nínú koríko iwájú ilé wa, nítòsí ibi tí a ń gbé mọ́tò sí. Iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ rọ̀, kò sí ihò kankan lórí rẹ̀. Mo fi igi kàn án, wọ́n tú jáde, pupa, ńlá àti kékeré nínú ilé kan náà, kókó méjì ní ìbàdí. Mo sáré pe bàbá mi. "Daddy, those are fire ants." Èèrà iná. Ó wò ó láti òkè. "Èèrà lásán ni. Ṣúgà ló ń wá." Lọ́jọ́ kejì mo gbé ìwé mi lọ bá a, ìyẹn ló wá bí i nínú. "Ìwọ tí wọ́n bí sí Texas lo fẹ́ kọ́ mi ní èèrà? Ṣé ìwọ lo bí mi ni? Mi ò fẹ́ gbọ́ èèrà lẹ́nu rẹ mọ́ nínú ilé yìí." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí débi pé mo sunkún sínú tọ́wẹ̀lì. Kí bàbá mi gbà pé mo mọ nǹkan kan, ohun tí mo ń fẹ́ láyé nígbà yẹn ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí à ń pè ní Dádì Ìbàdàn, dé láti Nàìjíríà. Ọkọ̀ dúró, àgbà sọ̀kalẹ̀. Bàbá mi wo kọnkéré, ó wo koríko, ó yan koríko. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ sì bo ebè náà mọ́lẹ̀. Èmi kúnlẹ̀ sórí kọnkéré, kò jìnnà sí i.

Dádì Ìbàdàn kì í ṣe ẹni tó ń tètè ní kí èèyàn dìde. Ó kọ́kọ́ ki bàbá mi dé ọ̀dọ̀ baba ńlá wọn, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo rí èèrà àkọ́kọ́ tó wọ ọwọ́ aṣọ bàbá mi. Mo mọ iṣẹ́ wọn: wọ́n á rọra gun èèyàn ná, kí wọ́n tó jọ ta á. Àyè wà láti sọ̀rọ̀. Mo ya ẹnu, mo tún pa á dé. Ṣebí ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ èèrà lẹ́nu mi mọ́.

"Ọlọ́run á gbé ọ ga." "Àmín." "O ò ní ṣìnà nílẹ̀ àjèjì." "Àmín o." Nígbà tó fi máa di àdúrà kẹrin, àmín bàbá mi ti ń dé òdìkejì títì. Orí Dádì Ìbàdàn wú. Ó rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló bà lé àbúrò òun, ó sì fi àdúrà méjì lé e. Kó tó sọ pé "Dìde", bàbá mi ti fò sókè, ó ti ń bọ́ aṣọ lọ sẹ́yìn ilé, ó ń wá ẹ̀rọ omi.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ìléròrò funfun wẹ́wẹ́ ti bo àyà rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò lè wọ aṣọ iṣẹ́. Màmá mi ń fi yìnyín sí i lára, èmi jókòó síbẹ̀, ojú ń tì mí, mi ò lè jẹun. Bàbá mi ní kí n gbé ìwé mi wá. "Kí lo pe orúkọ ẹ̀?" Mo sọ fún un.

Oṣù tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ fún bàbá mi, nílé mi ní Rowlett. "Dádì, mo rí wọn kí wọ́n tó ta yín." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀. Àdúrà kejì ni wọ́n ti dé ọrùn mi. Mò ń wò ọ́ látilẹ̀, mò ń retí pé kí o pariwo, kí n lè rí nǹkan fi kẹ́wọ́ láti dìde."

Iṣẹ́ apòògùn ni mò ń ṣe báyìí, ní Addison. Bí dókítà bá kọ oògùn tó ju agbára aláìsàn lọ, mo máa ń sọ fún un lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ àgbà tó. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní mo nígboyà. Mi ò já wọn ní koro. Mo kàn máa ń rántí ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tó kúnlẹ̀ sórí kọnkéré, tó dákẹ́ fún odidi àdúrà mẹ́fà, torí pé ó ń fẹ́ jàre.