Ọ̀pá Tó Ṣáájú Lobẹ́ẹ̀dì

Ọ̀pá ọparun kan ló kọ́kọ́ dé àdúgbò wa ní Muṣin, kí ẹrù tó tẹ̀lé e. Mo ṣì ń rí i lójú mi: ọkùnrin kan tó wọ kaki, tí ewú ti ń yọ lórí rẹ̀, gbé ọparun gígùn dúró ṣánṣán, wọ́n sì ti kun orí ọ̀pá náà ní ọ̀dà pupa. Ó ń rìn láàárín títì díẹ̀díẹ̀, ó ń wòkè bí ẹni tó ń wá òṣùpá lọ́sàn-án gangan. Ibi tí orí ọ̀pá bá ti kan wáyà, á dúró, á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí òpó; ibi tó bá ti kan pátákó ṣọ́ọ̀bù, á kí oníṣọ́ọ̀bù dáadáa, á ní kó bá òun yọ ọ́ kó tó di ọ̀la. Àwa èrò ìran ń tẹ̀ lé e. Ogun abẹ́lé ti parí nígbà yẹn, owó epo ń dún nílẹ̀ yìí, ohun tuntun kò sì wọ́n l'Ékòó, ṣùgbọ́n a ò tíì rí ẹni tó ń fi ọ̀pá wọn ojú ọ̀run rí.

Dírẹ́bà lobẹ́ẹ̀dì ni. Tiransifọ́mà ńlá kan ti ti ojú òkun gúnlẹ̀ sí Àpápá, ọjọ́ kejì ló sì fẹ́ gbé e gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sí ibùdó iná. Kò sẹ́ni tí kò fẹ́ kó dé. Iná wa nígbà yẹn dà bí àna tó ń bínú: ìgbà tó bá wù ú ló ń wá, kì í sì í jókòó pẹ́.

Èmi nìkan ni mo kàwé jìnnà díẹ̀ nínú ilé wa, nítorí náà èmi ni àwọn ayálégbé bi pé kí ló ń jẹ́ lobẹ́ẹ̀dì. N ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ta ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu akọ̀wé rí pé òun ò mọ nǹkan? Mo ní tírélà tó ní bẹ́ẹ̀dì nínú ni, tí dírẹ́bà máa ń sùn sí bó bá rẹ̀ ẹ́. Wọ́n sì gbà mí gbọ́, èyí tó burú jù níbẹ̀.

Kọ́nà gan-an ni ilé wa wà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí bákónì pákó yọ síta lára rẹ̀ bí ètè ẹni tó ń bínú. Ọkọ Màmá Onílé, káfíńtà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi ìrókò kàn án kó tó kú. Kò ya fọ́tò, kò sì fi ọmọ tó jọ ọ́ sílẹ̀; bákónì yẹn ni Màmá fi ń rántí rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti ń jẹun, níbẹ̀ ló ti ń bá àwa ayálégbé wí, níbẹ̀ ló sì ti ń bá olóògbé sọ̀rọ̀ bó bá rò pé a ò gbọ́. Nígbà tí orí ọ̀pá lu ìsàlẹ̀ bákónì náà, kó!, gbogbo wa gbójú sókè wo Màmá.

“Màmá, ẹ forí jì mí, eléyìí máa ní láti kúrò o,” ni dírẹ́bà wí.

“Kí ló máa kúrò? Ọ̀pá rẹ ló gùn jù!”

Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín, ó gbé ọ̀pá ti ògiri wa, ó ní ó di àárọ̀. Nírọ̀lẹ́, mo gbọ́ ìró ayùn lẹ́yìnkùlé, mo rò pé ẹnì kan ń tún àga ṣe ni. Akọ̀wé sáà ni mí.

Ilẹ̀ mọ́, dírẹ́bà dé, ó gbé ọ̀pá sábẹ́ bákónì. Ọ̀pá kọjá wẹ́rẹ́, kò kan nǹkan kan. Màmá pàtẹ́wọ́ lókè: “Ṣé ẹ rí i? Ṣé mo sọ fún yín àbí n ò sọ?” Dírẹ́bà sọ ọ̀pá kalẹ̀, ó wo orí rẹ̀. Ọ̀dà pupa kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó fi àtàǹpàkò pa ojú ibi tí ayùn gbà, tó ṣì funfun.

“Màmá, ọ̀pá ti kúrú lóòótọ́. Ta ni yóò wá bá wa gé ẹrù?”

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: àdúgbò bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga rẹ̀ sáàárín bákónì, ó jókòó, ó sì ká ọwọ́ lẹ́rán.

Ìgbà náà ni lobẹ́ẹ̀dì yọ. Àwọn àgbà ní, àjànàkú kọjá “mo rí nǹkan fìrí”. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Erin ni mo rí. Táyà ń bẹ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn, ilẹ̀ ń gbọ̀n tìtì débi pé abọ́ ń jó lórí àtẹ. Àwọn ọkùnrin ń fi igi ẹlẹ́ka gbé wáyà sókè níwájú rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń gbé aṣọ ọba kó má baà wọ́lẹ̀. Ẹrù náà ga, ó dúdú, ó dákẹ́. Gbogbo ariwo Muṣin ló kú. Nígbà tó dé kọ́nà wa, ọmọṣẹ́ tó ń wà á bọ̀ tẹ búrèkì, ọkọ̀ mí kanlẹ̀, ó dúró.

Dírẹ́bà ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀dà títì gbígbóná.

“Màmá, ẹ wo ọkọ̀ yìí. Orí àyà ni àwọn tírélà yòókù ń gbé ẹrù sí. Èyí, wọ́n rẹ àyà tirẹ̀ sílẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fá títì, nítorí ẹrù tó ń gbé kò ṣe é tẹ̀, kò sì ṣe é tú. Òun ló ń jẹ́ lobẹ́ẹ̀dì. Ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó lè bẹ̀rẹ̀ dé. Èyí tó kù, ọwọ́ yín ló wà.”

“Ọkọ mi ló kàn án,” ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ ò dún sókè mọ́.

“Mo rí i láti àná, Màmá. Ọwọ́ tó kan èyí mọṣẹ́. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn.”

Màmá wo ẹrù, ó wo pákó abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó gbé àga rẹ̀ wọ yàrá, ó sì ké sí káfíńtà òdìkejì títì: “Ẹ má fi òòlù fọ́ ọ o! Ìṣó ni kẹ́ ẹ máa yọ, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́!” Òun fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó ń sọ èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ yọ, bí ẹni tó ń tú irun orí ọmọ.

Bí pákó ìkẹyìn ti sọ̀ kalẹ̀ ni ọkọ̀ ṣí. Ó ń yí kọ́nà ní ìwọ̀n bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí padà, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ń lọ. Ẹrù náà súnmọ́ ògiri wa débi pé òkùnkùn bo yàrá mi. Lókè, níbi tí ilẹ̀kùn wá ṣí sí òfúrufú, Màmá na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara irin náà bó ṣe ń kọjá, ó ń fọwọ́ pa á lára jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò títí irin fi tán.

Iná dé nígbẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tètè dé. Káfíńtà fi àwọn pákó yẹn kan bẹ́ǹṣì gígùn sẹ́nu ọ̀nà, a máa ń jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, Màmá láàárín wa. Kò tún bákónì kọ́ mọ́. Ó ní lobẹ́ẹ̀dì mìíràn lè fẹ́ kọjá. Títí dòní, bí mo bá pàdé ọ̀kan lójú títì márosẹ̀, mo máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì máa ń wòkè, bóyá nǹkan kan wà níwájú tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un.

Ilẹ̀kùn òkè yẹn wà bẹ́ẹ̀ títí Màmá fi papò dà. Kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé kó sì gba ibẹ̀ jáde, ó fi igi kan dábùú rẹ̀ nínú. Igi ọ̀hún kò gùn ju apá lọ. Ọparun ni, orí rẹ̀ sì pupa.