Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lábẹ́ Orin Ìròyìn

Bí orin ìròyìn bá ti dún lórí tẹlifíṣọ̀n nírọ̀lẹ́, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Fèrè á ké, dùùrù á gbè é, àwọn àgbà á tún ìjókòó ṣe bí ẹni tí ọba fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ìyá Aránṣọ nìkan ni yóò fajú ro. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rò pé kò fẹ́ràn ìròyìn ni. Wọn ò mọ̀ pé orin náà ní ọ̀rọ̀, áńbọ̀sì kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀gá wọn ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Ọkọ rẹ̀ ló ṣe orin ọ̀hún. Bàbá Fèrè ni àdúgbò ń pè é, torí fèrè ló fi jẹun nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka orin lórí ìwé, etí ni wọ́n fi ń gbà á. Nítorí náà, tí Bàbá Fèrè bá ti ronú kan orin tuntun, á wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu, á fi kọ́ àwọn yòókù, kí wọ́n lè rántí ibi tí orin ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀kalẹ̀. Tí orin bá wá mọ́ wọn lára tán, wọ́n á yọ ọ̀rọ̀ dànù, bí aránṣọ ṣe ń tú òwú tó kọ́kọ́ fi so aṣọ mọ́ra lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti kọjá lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó fi sábẹ́ orin ìròyìn nìyí:

Aránṣọ, ṣòkòtò mi dà?
Ọjọ́ Ajé lo dá fún mi,
Ọjọ́ Ajé ti kọjá lọ,
Mo ṣì wà níhòòhò.

Ẹ gbà mí o! Orin tí àwọn olóyè ń torí ẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀! Bẹ́ẹ̀, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìyá Aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́ nígbà náà, ó gé ṣòkòtò fún Bàbá Fèrè, tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ lásán nígbà yẹn, àṣé ẹsẹ̀ òsì méjì ló gé. Ojú tì í débi pé ó ń sá fún aláṣọ. Ọkùnrin náà ò yéé wá, ó ń bèèrè ṣòkòtò lónìí, ó ń bèèrè lọ́la, níbẹ̀ ló ti rí ìyàwó fẹ́.

Kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó, obìnrin náà mú kí Bàbá Fèrè àti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèlérí pé etí kẹta ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ orin yẹn. Wọ́n pa á mọ́. Ìyá Aránṣọ wá ń yan fanda, ó ń sọ fáwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé, "Kò sí oníbàárà mi tó padà sílé lọ́wọ́ òfo rí." Irọ́ ńlá! Àmọ́ ta ni yóò já a?

Ìgbà tó yá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Bàbá Fèrè. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ, ẹnu rẹ̀ sì dákẹ́. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu láti fèsì, ọ̀rọ̀ ò ní í jáde, omijé ni yóò jáde dípò rẹ̀. Ọkùnrin tó máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́! Ọwọ́ tó rọ kò dun ìyàwó rẹ̀ tó ẹnu tó dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà á pé kò ní bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí ikú yóò fi dé.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ló sọ fún un pé, "Mọ́mì, ẹlòmíì wà tí kò lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tó lè kọrin. Ẹ kọ orin tó ti wọ̀ wọ́n lára, ká wò ó."

Wọ́n kọ orin ìgbéyàwó, wọ́n kọ orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ. Bàbá Fèrè kàn ń wò wọ́n ni.

"Màmá, ṣé kò sí òmíràn?" Ọmọbìnrin wọn ló bèèrè bẹ́ẹ̀.

"Kò sí," ni Ìyá Aránṣọ wí, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n fi àga onítáyà ti aláìsàn lọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn tí tẹlifíṣọ̀n wà. Èrò kún ibẹ̀, oníbàárà Ìyá Aránṣọ kan pàápàá wà láàárín wọn. Orin ìròyìn bẹ̀rẹ̀. Ìyá Aránṣọ rí i tí ètè ọkọ rẹ̀ ń mì. Ó rí i pẹ̀lú pé ojú òun ni ọkùnrin náà ń wò, bí ẹni tó ń tọrọ àyè. Ó ṣì ń pa ìlérí mọ́! Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é, inú sì bí i sí ara rẹ̀. Ó dìde láàárín èrò, ó gbé ohùn sókè, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣòkòtò. Gbogbo ojú yí padà wá wò ó. Nígbà tó dé ìlà ìkẹyìn, ẹkún gbà á lóhùn.

"Níhòòhò!" ni ẹnì kan kọ ọ́ parí látorí àga.

Bàbá Fèrè ni. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Aránṣọ, ṣé ẹ̀yin ni orin ń bá wí?" ni oníbàárà rẹ̀ bèèrè.

"Èmi ni. Ẹsẹ̀ òsì méjì ni mo gé," ló dáhùn. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Látìgbà náà, orin ni Bàbá Fèrè fi ń bèèrè ohun gbogbo: aránṣọ, omi mi dà? Aránṣọ, bàtà mi dà? Àwọn ọmọṣẹ́ kọ́ ọ, wọ́n sì fi ń yọ ọ̀gá wọn lẹ́nu ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Aránṣọ kì í ṣe aláìmoore, ó ń dúpẹ́ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kéèyàn máa bèèrè nǹkan yàtọ̀ sí kó báni sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ sì ni àárò rẹ̀ ń sọ ọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dúró ti tábìlì, ó ń lọ aṣọ oníbàárà. Aṣọ ṣì pọ̀ nílẹ̀. Ó gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé:

"Jókòó."

Kò ní orin nínú rárá. Ó yíjú padà.

"Ó ti... rẹ̀ ọ́," ni Bàbá Fèrè wí.

Ìyá Aránṣọ gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa àga sún mọ́ tirẹ̀, ó sì jókòó.

"Ó rẹ̀ mí lóòótọ́," ló wí.